Mísìì, Àǹtí, Olùkọ́: Àwọn Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ń Pe Obìnrin Tó Ń Kọ́ni Níléèwé

Obìnrin kan ṣoṣo tó ń kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta lè jẹ́ orúkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, tí kò sì ní sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ a máa pè é ní Mísìì tàbí Àǹtí, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa pè é ní Mádáàmù, àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn lọ sílé a máa pè é ní Tíṣà, ìjọba a kọ ọ́ sínú ìwé owó oṣù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, àwọn oníwèé ìròyìn Yorùbá a sì sọ ọ́ di olùkọ́bìnrin. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Òmíràn nínú wọn ń sọ iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe, òmíràn ń sọ bóyá ó ti relé ọkọ tàbí kò tíì lọ, òmíràn sì ń sọ ọ́ di ẹbí ọmọ tí kò bí. Bí ènìyàn bá tọ ipasẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ wọn rìnrìn àjò gígùn kí wọ́n tó dé ẹnu ọmọ Yorùbá, àti pé ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ láti gba obìnrin síṣẹ́ wà nínú ẹrù tí wọ́n rù wá.

Ti Yorùbá fúnra rẹ̀ kò le. Olùkọ́ ni ẹni tó ń kọ́ni. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ «olù-», ìyẹn wúnrẹ̀n kékeré tí a máa ń fi síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe láti fi dárúkọ ẹni tó ń ṣe nǹkan náà, kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni olùṣe tàbí obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ́ni, akọ́nilẹ́kọ̀ọ́, àti akọ́mọlédè, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ní Nàìjíríà mú sínú orúkọ wọn, Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá. Arọ́pò-orúkọ «ó» àti «wọ́n» náà kò ya akọ sọ́tọ̀ lára abo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ló gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ jìnnà jù, nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women tó jáde ní ọdún 1997, níbi tó ti jiyàn pé ipò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Yorùbá fi ń to ènìyàn kí àwọn òyìnbó tó gba ìlú, kì í ṣe ipò akọ àti abo. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà fún un tán, nítorí pé àṣà orò, oyè, àti ìgbé ayé ìyàwó nílé ọkọ fi hàn pé Yorùbá mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ti orúkọ iṣẹ́, ẹ̀rí pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán lọ́wọ́ obìnrin, bó bá ń sọ̀rọ̀ obìnrin náà fún ẹlòmíràn, ọ̀gá mi ni yóò wí, ọ̀rọ̀ kan náà tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ń lò fún ọkùnrin tó ń kọ́ ọ. Olùkọ́bìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ àti obìnrin tí a sún kì, kò fi ohunkóhun kún ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Kò sì sí ẹni tó ń kọ olùkọ́kùnrin sínú ìwé ìròyìn àfi bó bá fẹ́ fi àwọn méjèèjì wéra.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́ ní England, ọkùnrin tó ń kọ́ni ni schoolmaster, obìnrin ni schoolmistress. Master àti mistress jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí èdè náà mú wá láti inú èdè Faransé àtijọ́, ìtumọ̀ àwọn méjèèjì sì ni ọ̀gá, ẹni tó láṣẹ lórí ilé, lórí ìránṣẹ́ àti lórí ọmọ. Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà ló yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wò. Master dúró sórí ọlá rẹ̀, tó fi jẹ́ pé oyè kan ní yunifásítì ń jẹ́ ẹ títí dòní, ṣùgbọ́n mistress ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di pé, bí wọ́n bá pe obìnrin kan ní mistress ọkùnrin kan, àlè ni wọ́n ń wí. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni Mrs àti Miss ti jáde gẹ́gẹ́ bí ìgékúrú. Ìwádìí òpìtàn Amy Erickson ti Yunifásítì Cambridge sì fi hàn pé títí wọ inú ọ̀rúndún kejìdínlógún, Mrs kì í ṣe orúkọ adélébọ̀ nìkan: obìnrin tó ní òwò tirẹ̀ tàbí tó ní ìránṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ ẹ, ìbáà lọ́kọ, ìbáà má lọ́kọ. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n pín obìnrin sí méjì, tí Miss di ti ẹni tí kò tíì lọ́kọ, tí Mrs sì di ti ẹni tó ti lọ́kọ, nígbà tí Mr tí ọkùnrin ń jẹ́ kò béèrè ìyàwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láàárín àwọn obìnrin tó ń kọ́ni náà, orúkọ ń fi ipò hàn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni dame wà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di ìgbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1870 fi àyè sílẹ̀ fún iléèwé gbogbogbòò ní England àti Wales, irú ìyá bẹ́ẹ̀ a máa kó ọmọ àwọn tálákà jọ sínú yàrá ìdáná tàbí pálọ̀ rẹ̀, a gba kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀, a kọ́ wọn ní lẹ́tà kíkà àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn kì í ju pé ó ń bá ìyá wọn tó lọ síṣẹ́ mójú tó wọn. Òkè ni governess wà, obìnrin tó ń gbé nílé olówó láti kọ́ ọmọ ilé náà. Governor tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ abo rẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ̀ sí gómìnà, ẹni tó ń ṣàkóso odindi ìpínlẹ̀. Abo rẹ̀ kò ṣàkóso ju yàrá àwọn ọmọdé lọ, owó rẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ibi tó wà nínú ilé náà, nítorí pé ó kàwé ju ẹni tí yóò bá ìránṣẹ́ jẹun lọ, kò sì tó ẹni tí yóò bá olówó ilé jókòó. Charlotte Brontë àti àbúrò rẹ̀ Anne ṣe iṣẹ́ yìí fúnra wọn, ìwé ìtàn àròsọ tí àwọn méjèèjì tẹ̀ jáde ní ọdún 1847, Jane Eyre àti Agnes Grey, sì sọ ìyà inú rẹ̀ fún gbogbo ayé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí Queen's College ní Harley Street ní Lọ́ńdọ̀nù, kí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ lè rí ẹ̀kọ́ gidi kọ́ kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí, nítorí pé títí di ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ́ ọmọ ilé rere tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ló lè pe ara rẹ̀ ní governess.

Ṣùgbọ́n Miss ló borí gbogbo wọn nínú iléèwé, ohun tó sì fún un lágbára jù ni òfin. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Britain, pàápàá láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ṣe òfin pé obìnrin tó bá ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Rhondda ní Wales lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 1923 nítorí pé ó dá àwọn adélébọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ilé ẹjọ́ gbè sẹ́yìn ìgbìmọ̀ náà. Ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù pa òfin tirẹ̀ rẹ́ ní 1935, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1944 ló sì fòpin sí i káàkiri England àti Wales. Fún odidi ìran kan, bí ọmọ bá rí obìnrin níwájú kíláàsì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ omidan. Ìdí nìyí tí Miss fi wọ ọmọ lẹ́nu débi pé, lẹ́yìn tí òfin ti lọ, wọn kò lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Títí dòní, obìnrin tó ti lọ́mọ lọ́mọ-ọmọ ni Miss ní ọ̀pọ̀ iléèwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lánàá sì ni Sir, orúkọ tí ọba ń fi jẹ akọni lóyè. Onímọ̀ èdè Jennifer Coates sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ọdún 2014, pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá, àríyànjiyàn sì gba ìwé ìròyìn kan. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí ẹnu nìkan nígbà kan: lábẹ́ ìgbìmọ̀ Burnham tó ń ṣètò owó oṣù àwọn olùkọ́, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó ọkùnrin ni obìnrin ń gbà fún iṣẹ́ kan náà, ó sì di 1961 kí owó wọn tó dọ́gba tán. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ọkùnrin ní ìdílé láti bọ́, omidan kò ní. Àwọn tó fi òfin lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá lọ́kọ náà ló sì ń sọ ọ́.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibì kan náà. Orúkọ tó gbòde níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni schoolma'am, tí àwọn ará oko pè di schoolmarm, láti ara madam. Ní ọdún 1839, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣí iléèwé ìjọba àkọ́kọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè náà sí ìlú Lexington, ọmọbìnrin mẹ́ta péré ló sì wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Catharine Beecher, tó ti dá iléèwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Hartford ní 1823, ló wá ń polongo pé obìnrin ni Ọlọ́run dá fún iṣẹ́ olùkọ́. Bó ti ń yìn wọ́n ló ń fi kún un pé owó wọn kò ní pọ̀. Láti 1847, òun àti William Slade, gómìnà Vermont tẹ́lẹ̀, ṣètò bí àwọn omidan láti apá ìlà-oòrùn yóò ṣe máa lọ kọ́ni ní àwọn ìlú tuntun lápá ìwọ̀-oòrùn. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn obìnrin mìíràn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Gúúsù láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú oko ẹrú. Ọ̀kan nínú wọn ni Charlotte Forten, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú láti Philadelphia, tó dé erékùṣù St. Helena ní South Carolina ní 1862. Nígbà tó yá, schoolmarm di èébú, orúkọ obìnrin olófìn-ín-tótó tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì rí ọkọ fẹ́. Èyí tí kò rí ọkọ fẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀. Claudia Goldin, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023, ṣe àkójọ ẹ̀rí tó fi hàn pé ní ọdún 1942, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ni kì í gba adélébọ̀ síṣẹ́ olùkọ́.

Nígbà tí iléèwé dé ilẹ̀ Yorùbá, kò kọ́kọ́ mú Miss dání. Anna Hinderer bá ọkọ rẹ̀ David, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS (Church Missionary Society), dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì, níbi tó ti kó àwọn ọmọ jọ sí ọ̀dọ̀ tó ń kọ́ wọn ní ìwé, orin àti aṣọ rírán. Yéjídé, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olóyè ìlú, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Orúkọ tí àwọn ọmọ náà ń pè é, gẹ́gẹ́ bó ṣe hàn nínú ìwé tí wọ́n kó jọ láti inú àwọn lẹ́tà rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, Seventeen Years in the Yoruba Country, ni Ìyá. Obìnrin náà kò bímọ. Àwọn òyìnbó tó ka ìwé náà lè rò pé ìfẹ́ ọmọdé nìkan ló wà nínú orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n níbi tí Ìyálóde ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tí Ìyálọ́jà sì ń pàṣẹ ní ọjà, ìyá kì í ṣe orúkọ ẹni tó bímọ nìkan. Orúkọ àṣẹ ni pẹ̀lú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn omidan wá dé. CMS ti ṣí Grammar School fún àwọn ọmọkùnrin ní Èkó ní 1859. Ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣí Female Institution fún àwọn ọmọbìnrin, ìyẹn iléèwé tó wá dara pọ̀ mọ́ iléèwé àwọn ọmọbìnrin ní Kúdẹtì ní 1950 láti di St. Anne's School ní Ìbàdàn. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìjọ ní Britain bẹ̀rẹ̀ sí í rán obìnrin tí kò lọ́kọ wá sí ilẹ̀ òkèèrè lọ́pọ̀ yanturu, àwọn náà ló sì wá ń darí iléèwé àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣí Queen's College ní Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 1927 pẹ̀lú ogún akẹ́kọ̀ọ́, Miss Faith Wordsworth ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnu Yorùbá, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fi kọ́ńsónáǹtì parí, fi fáwẹ̀lì kún Miss, ó sì di Mísìì. Bó ṣe fi fáwẹ̀lì kún un náà ló bọ́ ìgbéyàwó kúrò lára rẹ̀. Adélébọ̀ tó bímọ mẹ́fà ni Mísìì ní kíláàsì rẹ̀ láìsí ẹni tó rí àléébù níbẹ̀, tí yóò sì jẹ́ Mísíìsì Lágbájá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ohun tó fà á tí wọ́n fi nílò Mísìì rárá ni pé Tíṣà ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ní àwọn ìlú kéékèèké, Tíṣà ni ọkùnrin tí ìjọ rán wá, tó ń kọ́ ọmọ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, tó sì ń darí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Tíṣà, bí a ti ń wí Ìyá Pásítọ̀ lóde òní. Ọ̀pọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ àti oúnjẹ sísè, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ rẹ̀ ló fi ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni owó kankan kò sí níbẹ̀ fún un. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955 ló yí èyí padà jù. Lọ́dún yẹn nìkan, àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ju 800,000 lọ, kò sì sí bí ọkùnrin nìkan yóò ṣe kọ́ wọn tán. Àwọn ọmọbìnrin tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, bíi United Missionary College ní Ìbàdàn, gba abúlé lọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, Tíṣà sì di orúkọ tiwọn náà.

Obìnrin kan wà tí orúkọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti kà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914. Ó lọ sí Wincham Hall ní England ní 1919, ó padà wálé ní 1922 láti wá kọ́ni. Ọkọ rẹ̀, Israel Olúdòtun Ransome-Kuti, di ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School ní 1932, lẹ́yìn tó ti di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà ní 1931. Àwọn ará Abẹ́òkúta kò pe tọkọtaya yìí ní Sir àti Mísìì. Dáódù ni wọ́n ń pe ọkọ, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin. Béèrè ni wọ́n ń pe aya, ìyẹn àkọ́bí obìnrin, orúkọ méjèèjì sì wà nínú ìwé Aké tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981. Ẹ jẹ́ kí a wo bí orúkọ méjì yìí ṣe rí: ipò àgbà ni àwọn méjèèjì ń sọ, èkíní kò ga ju èkejì lọ, kò sí èyí tó béèrè bóyá ẹnì kan ti lọ́kọ tàbí láya. Bó ṣe di Béèrè náà kò dúró sí kíláàsì. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú tó ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé ní àwọn ọdún 1940, àwọn ìyá náà ló sì sọ ohun tí owó orí ń fojú wọn rí fún un, títí ọ̀rọ̀ fi di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Aláké, ọba ìlú náà, fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949. Nínú gbogbo orúkọ tí obìnrin olùkọ́ ti jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, Béèrè ló bá ìlò Yorùbá mu jù, ó sì ṣeni láàánú pé kò tàn ju ẹni kan lọ.

Àǹtí ló tàn dípò rẹ̀. Ó bá iléèwé jẹ́léósinmi wá, iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé ìsinmi àwọn tó wà nílé ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ́kàn, ó sì ti ibẹ̀ gun àwọn iléèwé aládàáni lọ. Aunt ni ní Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ẹni lóbìnrin, ṣùgbọ́n Yorùbá kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni Yorùbá fi ń ṣe, obìnrin tó ju ẹni lọ tí kò sì yẹ kí á já orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin tó bá ń kọ́ni ní irú iléèwé bẹ́ẹ̀ ni Ọ́ńkù, nítorí náà kò ṣeé sọ pé obìnrin nìkan ni wọ́n sọ di ẹbí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kò pọ̀ níbẹ̀, owó oṣù ibẹ̀ ló sì lé wọn.

Ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ máa ń pe olùkọ́ wọn ní tia, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹbí kan náà pẹ̀lú àǹtí, ẹnì kan dìde láti bá orúkọ náà jà. Paulo Freire, onímọ̀ ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tó ti ṣe olórí ètò ẹ̀kọ́ fún ìlú São Paulo láti 1989 sí 1991, tẹ ìwé kan jáde ní 1993 tó fi àkọlé rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ wí, Professora sim, tia não: kí wọ́n pe obìnrin náà ní olùkọ́, kí wọ́n má pè é ní àǹtí. Kì í ṣe pé Freire lòdì sí ìfẹ́ láàárín olùkọ́ àti ọmọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé iṣẹ́ olùkọ́ ń béèrè ìmúrasílẹ̀, ìwé kíkà àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tó ń kàwé gboyè láti di àǹtí. Bí wọ́n bá ti sọ olùkọ́ di ẹbí, wọ́n ti fún un ní ìdí láti dákẹ́, nítorí pé àǹtí gidi kì í daṣẹ́ sílẹ̀ lórí owó oṣù. Ní Cuba, seño ni àwọn ọmọ ń pe tiwọn, ìgékúrú señorita tó jẹ́ omidan, Miss mìíràn ní èdè mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà ìpolongo mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ọdún 1961, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ju 100,000 lọ tú sí oko láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìwé, tí àwọn ọmọbìnrin sì ju ìdajì wọn lọ, maestra ni àwọn àgbẹ̀ tó tó bàbá wọn ń pè wọ́n.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń sọ Faransé di maîtresse mú, tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà pẹ̀lú mistress, ọmọ Yorùbá ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin sì ń pè é bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Lórí ìwé, institutrice ni. Ìjọba Faransé ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan sí Rufisque ní Senegal ní 1938, lábẹ́ ìdarí Germaine Le Goff, láti tọ́ àwọn ọmọbìnrin láti gbogbo àgbègbè náà di institutrice. Mariama Bâ, tó padà di òǹkọ̀wé ńlá, kàwé níbẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kọ ìwé kankan.

Àríyànjiyàn Freire kò wọ ilẹ̀ Yorùbá lódindi. Ọmọ Yorùbá tó pe olùkọ́ rẹ̀ ní Àǹtí ń bọ̀wọ̀ fún un ni, bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún aládùúgbò àti fún ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, ẹni tó bá sì ní kó máa pe orúkọ oyè dípò rẹ̀ ń wá wàhálà tí kò nílárí. Ibi tí ọ̀rọ̀ Freire ti bá tiwa mu ni ọ́fíìsì, kì í ṣe kíláàsì. Oníléèwé tó ń pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Àǹtí níwájú àwọn òbí, tí kò kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ fún un, tó ń san ohun tó wù ú ní oṣù tó bá wù ú, tó sì ń retí pé kó máa fọ ìdí ọmọ, kó máa gbálẹ̀, kó sì dúró di ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ tí òbí rẹ̀ kò tètè dé, ti fi orúkọ ẹbí gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Mádáàmù, tí wọ́n fi ń pe àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti Mọ́mì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì fi ń pe ọ̀gá àgbà wọn lóbìnrin kò sàn púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀fẹ̀ inú ọ̀rọ̀ náà ni pé H.M., ìgékúrú tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún olórí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá headmaster mu, ó sì bá headmistress mu. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀, òun nìkan ló ṣe bí olùkọ́ ti ń ṣe, tí kò wo akọ tàbí abo. England fúnra rẹ̀ ń fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún headteacher báyìí.

Nàìjíríà ní òfin lórí ẹni tó ń jẹ́ olùkọ́. Òfin nọ́ńbà 31 ti ọdún 1993 ló dá Teachers Registration Council of Nigeria sílẹ̀, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ tó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ tí ọkùnrin ń gbà sì ni obìnrin ń gbà. Kí òbí tó ń wá iléèwé fún ọmọ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ oníléèwé bóyá Àǹtí tí yóò kọ́ ọmọ náà ní ìwé àṣẹ yìí, kó sì tún béèrè bóyá wọ́n kọ olùkọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́.